Ikin Ayédèrú: Bí A Ṣe Ka Ìwé Iruka Okeke ní Okokomáíkò

Ìwé pélébé kan ṣì wà lórí tábìlì wa ní Ìbà títí di òní. Láàbù kékeré kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ló kọ ọ́. Ohun tó wà lára rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: orúkọ ọ̀rẹ́ wa, "MP ++", àti "Widal 1:160". Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé apá ọ̀dọ̀ wa, láti Ọ̀jọ́ dé Okokomáíkò títí wọ Ọ̀tọ̀-Àwórì, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹ̀ fún yín. Ó túmọ̀ sí "ibà àti táífọ́ọ̀dù". Ó túmọ̀ sí abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún, oògùn inú ọ̀rá, àti owó.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ wa yìí láàárín ọdún kan pé táífọ́ọ̀dù ló ń ṣe é. Láàbù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èsì kan náà. Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé, kọ̀ǹpútà la kà ní yunifásítì, kóòdù la sì fi ń jẹun. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀kan nínú wa sọ ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ sọ́fítíwià máa sọ: "Kóòdù tí kì í dáhùn 'rárá' láéláé, kò yẹ nǹkan kan wò."

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n òótọ́ pọ̀ nínú ẹ̀. Àyẹ̀wò Widal ti pẹ́ láyé. Ọdún 1896 ni Fernand Widal, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé e jáde. Kì í wá kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ohun tó ń wá ni àmì pé ara ti bá irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ jà rí. Bí o bá ti ṣe àìsàn náà tẹ́lẹ̀, bí o bá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, tàbí bí mọ̀lẹ́bí kòkòrò náà kan bá ti gba ara rẹ kọjá, àmì lè hàn. Ládùúgbò tí kànga àti ṣáláńgá ti jọ ń ṣe aládùúgbò, ta ni kò ní í ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lára?

Ìbínú ìwé pélébé yẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ ìwé tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: Divining without Seeds, tí Iruka Okeke kọ, tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Cornell gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011. Ifẹ̀ ni Okeke ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oògùn títí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Haverford College ní Pennsylvania ló ti ń kọ́ni nígbà tí ìwé náà jáde. Lẹ́yìn náà ló padà wálé, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ fi ìpadàbọ̀ yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Ohun tí ìwé náà ń sọ kò ṣòro. Ó ní àrùn tí kòkòrò ń fà ló ń dá àwọn èèyàn gúnlẹ̀ jù ní Áfíríkà, síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn kì í mọ kòkòrò wo gan-an ló wà lára ẹni tó jókòó síwájú wọn. Wọ́n ń fojú díwọ̀n ni. Ara gbóná? Ibà ni, ẹ lọ ra oògùn ibà. Okeke kó ìtàn jọ lórí ibà, lórí àrùn èémí, lórí àrùn tí ìbálòpọ̀ ń gbé kiri, ó sì fi hàn pé irú ilé ìwòsàn tí a jogún, èyí tó fojú láàbù gbolẹ̀ tàbí tí kò tiẹ̀ ní láàbù rárá, ló ń kó wa sí wàhálà. Oògùn tí kò bá àrùn mu. Owó tó ṣòfò. Àjàkálẹ̀ tó ti gbilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ta pútú.

Àkọlé ìwé náà ló kọ́kọ́ mú wa. Ẹni tó ń dífá láìní èso lọ́wọ́! Àwọn Ìgbò ní Afá tiwọn, èso ni wọ́n sì ń fi ṣe é. Àwa Yorùbá ní ikin. Ẹ fojú inú wo babaláwo tó jókòó síwájú ọpọ́n, kò ní ikin, kò ní ọ̀pẹ̀lẹ̀, ó kàn wo ojú ẹni tó wá bá a, ó ní "àwọn ará ilé bàbá ẹ ni". Gbogbo wa la mọ orúkọ tí à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ka ìwé náà, kì í ṣe pé ó ń bú dókítà. Ó ń bi wá pé, ikin dà?

(Ẹ má fòyà, a ò ní í sọ ọ̀rọ̀ odù 256 àti báìtì níbí. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó mọ kọ̀ǹpútà ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wọn. Ohun tó wúlò fún wa nínú Ifá lónìí kì í ṣe iye odù. Ẹsẹ ni, a sì máa dé ibẹ̀.)

Ká sọ òótọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí a ka ìwé náà, ó sú wa. Ẹ̀rọ là ń retí. A ti gbọ́ nípa bioinformatics, ìyẹn iṣẹ́ fífi kọ̀ǹpútà ka jínómù, gbogbo lẹ́tà tí ohun abẹ̀mí fi kọ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwa rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Okeke ní tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láàbù, àwo tí a fi ń gbin kòkòrò, àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú tó yẹ kó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. A ní, ẹ̀yin màmá wa, ayé ti kọjá ibẹ̀ yẹn o. Ṣé ẹ rí i, ọdún 2011 kan náà tí ìwé yìí jáde ni ohun tó wú wa lórí jù nínú iṣẹ́ yìí ṣẹlẹ̀ ní Jámánì.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Jámánì. Àwọn tó kó o lé ní 3,800, àwọn tó kú sì ju 50 lọ. E. coli ni kòkòrò náà, irú tí wọ́n ń pè ní O104:H4. Ilé iṣẹ́ BGI ní China àti ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní Hamburg ka jínómù rẹ̀, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un. Kò tó ọjọ́ mélòó kan, àwọn èèyàn tí wọn ò rí ara wọn rí, láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, ti to àwọn àjákù rẹ̀ pọ̀, wọ́n ti ń wá ohun tó mú un burú tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kó àbájáde wọn sí GitHub, ibi tí àwa náà ń kó kóòdù wa sí. Ẹni tó bá ń kọ kóòdù tó gbọ́ ìtàn yìí tí orí ẹ̀ ò wú, a jẹ́ pé orí ẹ̀ kì í wú mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún ìtàn yẹn wò. Jínómù kan ṣoṣo kì í sọ ohunkóhun. Ó ju mílíọ̀nù márùn-ún lẹ́tà lọ, A, C, G àti T, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Wàá kà á títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní yé ẹ. Àfi tí o bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn. Nígbà tí wọ́n gbé ti Jámánì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n ti kà tán, èyí tó sún mọ́ ọn jù ni ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní 55989. Ibo ni 55989 ti wá? Lára aláìsàn kan ní Central African Republic ni. Àárín gbùngbùn Áfíríkà! Ìgbà tí wọ́n fi méjèèjì wéra ló tó hàn pé kòkòrò Jámánì yìí kì í ṣe irú E. coli tí wọ́n ń retí. Ìran ẹ̀ ni èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìfun bí òkìtì bíríkì, tó ń fún àwọn ọmọdé ní ìgbẹ́ gbuuru lọ́dọ̀ wa. Ó kàn lọ gba ìmọ̀ bí a ṣe ń ṣe májèlé kún un ni. Irú E. coli yẹn gan-an sì ni Okeke ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lé lórí.

Kó tó di pé 55989 wà lórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni, ẹnì kan ti ní láti gba ìgbẹ́ aláìsàn náà. Ẹnì kan gbìn ín sórí àwo. Ẹnì kan tọ́jú ohun tó hù, ó kọ nọ́ńbà sí i lára, ó fi í sí yìnyín. Iṣẹ́ láàbù lásán, irú èyí tí a pè ní ohun àtijọ́. Bí kò bá sí ẹni yẹn, àwọn ọ̀gá wa orí GitHub ìbá máa wo lẹ́tà Jámánì bí ẹni tó ń wo ògiri. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìwé Okeke, a sì tún un kà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò kọ kóòdù rí, bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n wéra nìyí. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù ní nǹkan bí mílíọ̀nù 4.8 lẹ́tà. Kó tó pín sí méjì, ó ní láti da ara rẹ̀ kọ, adàwékọ kò sì lè ṣe kó má ṣàṣìṣe. Àṣìṣe ti táífọ́ọ̀dù kéré púpọ̀. Bí a bá ṣírò ẹ̀, kì í ju bíi lẹ́tà kan lọ lọ́dún. Nítorí náà, bí èyí tó wà lára ẹnì kan ní Ìbà àti èyí tó wà lára ẹlòmíì ní Ìjànikin bá fi lẹ́tà méjì péré yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orísun kan náà ni wọ́n ti kó o, kò sì tíì pẹ́. Ẹ lọ wo kànga. Bí wọ́n bá fi ọgọ́rùn-ún mẹ́rin lẹ́tà yàtọ̀, wọ́n kàn jọ ń jẹ́ táífọ́ọ̀dù ni, bí Adé ti Ọ̀jọ́ àti Adé ti Ìlọrin. Àwa tí à ń fi git ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ là ń ṣe é: a gbé fáìlì méjì kalẹ̀, a ní kí kọ̀ǹpútà fi ìlà tó yàtọ̀ hàn wá. Kọ̀ǹpútà á kó ìyàtọ̀ gbogbo wọn jọ, á fi ya igi ìran, ta ló bí ta, ta ni ìbátan ta.

Ìyẹn nìkan kọ́. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ òbí nìkan ni kòkòrò ti ń jogún. Àwọn òrùka DNA kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní plasmid, tí kòkòrò méjì tí kò bára tan lè fún ara wọn, bí ìgbà tí èèyàn méjì tí kò mọra rí bá pàdé nínú dánfó tí wọ́n fi Xender pín fáìlì. Inú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n bí a ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn sábà máa ń wà. Ẹni tó bá wo igi ìran nìkan, tí kò wo fáìlì tí wọ́n ń pín, ìdajì ìtàn ló kà.

Ọjọ́ Sátidé kan, a gbìyànjú ẹ̀ fúnra wa. Lẹ́tà àwọn kòkòrò táífọ́ọ̀dù tí àwọn onímọ̀ ti kà wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ti Nàìjíríà wà lára wọn. Sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń ka ìyàtọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni dátà. NEPA mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì sì bá láptọ́ọ̀pù wa ní ìpín mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ilẹ̀ ti ń mọ́ kí igi tó yọ. Ohun tí a rí bá ohun tí Vanessa Wong àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2016 mu: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn táífọ́ọ̀dù Nàìjíríà kóra jọ sórí ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní 3.1.1, ọ̀tọ̀ sí H58 tó ti gba Éṣíà àti ìlà-oòrùn Áfíríkà kan. Táífọ́ọ̀dù tiwa ní ìlà ìdílé tiẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì wá gbọ́, a ò sọ pé táífọ́ọ̀dù ò sí. Ó wà, ó ń pa èèyàn. Lórí igi yẹn, a rí i kedere, ẹ̀ka lẹ́yìn ẹ̀ka, tí gbogbo ẹ̀ka jẹ́ ara ènìyàn kan tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n sì gbìn ín. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ti inú "Widal 1:160" wá. Àyẹ̀wò Widal kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tún kà.

Ibí yìí ni ìwé Okeke àti àwa ti yapa díẹ̀. Àfiwé àkọlé ẹ̀ ni pé kò sí ikin. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ ní abúlé tí láàbù tó sún mọ́ wọn jù jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan. Ní Okokomáíkò ńkọ́? Láti ìdí ọjà Àlàbá dé ẹnu ọ̀nà LASU, pátákó láàbù ò wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta káàdì fóònù lè júwe mẹ́ta fún ẹ láìdìde lórí àga. Ikin pọ̀ níbí. Ikin ayédèrú ni. Aláìsàn sanwó, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sórí ìwé, gbogbo ètò ìdáfá pé pérépéré, àfi pé ohun tó wà lọ́wọ́ awo kò lè sọ̀rọ̀. Èyí sì burú ju àìní ikin lọ lójú tiwa, torí ẹni tí kò rí ikin mọ̀ pé òun ń fojú díwọ̀n ni. Ẹni tó gba ìwé lọ́wọ́ láàbù rò pé òun ti mọ̀. Okeke rí ìṣòro yìí ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó fẹ́ àyẹ̀wò tó péye, kì í ṣe àyẹ̀wò ṣáá. Ṣùgbọ́n àkọlé ìwé náà lágbára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti ojú wa kúrò lára àwọn tó ní nǹkan lọ́wọ́ tí wọ́n ń fi ṣe bí ẹni pé wọ́n ń dífá.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ẹsẹ. Ká tiẹ̀ ní ikin gidi wà. Babaláwo kì í wo àmì orí ọpọ́n lásán kó fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹsẹ tó wà lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó bá fi àmì tuntun wé ìtàn tó ti mọ̀ ló ń rí ọ̀rọ̀ sọ. Bí jínómù ṣe rí nìyẹn. Àkójọ ni agbára ẹ̀. Ta ló wá kó ẹsẹ tiwa jọ?

Jínómù tí a fi ṣe òṣùwọ̀n lálẹ́ Sátidé yẹn, tí a fi gbogbo táífọ́ọ̀dù Nàìjíríà wé, ni wọ́n ń pè ní CT18. Vietnam ni wọ́n ti rí i lára aláìsàn kan lọ́dún 1993. Ọdún 2001 ni wọ́n tẹ jínómù rẹ̀ jáde. Ti kọ́lẹ́rà tí gbogbo ayé ń lò, N16961, Bangladesh ló ti wá, ọdún 1975. A ò bá ẹnikẹ́ni jà. Òṣùwọ̀n ní láti ti ibì kan wá. Àmọ́ bí a ṣe ṣe é lálẹ́ yẹn, ohunkóhun tí táífọ́ọ̀dù tiwa bá ní tí ti Vietnam kò ní, kọ̀ǹpútà kò ní í rí i rárá. Ó dà bí ìgbà tí olóòtú kan fi èdè Ìjẹ̀bú ṣàyẹ̀wò oríkì Ìgbómìnà, tó ń fagi lé gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá Ìjẹ̀bú mu. Ọ̀nà míì wà tó san ju èyí lọ, tí wọ́n fi ń to kòkòrò kọ̀ọ̀kan jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wo ohun tí gbogbo wọn jọ ní àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá ní. Ó gba kọ̀ǹpútà tó lágbára ju tiwa lọ, ó sì gba kí kòkòrò tiwa pọ̀ nílẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ fi ìpadàbọ̀ Okeke sọ́kàn. Lójú wa, Divining without Seeds ní apá kejì, kò kàn jáde bí ìwé ni. Ní Ìbàdàn, Okeke àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wọ inú ẹgbẹ́ ìwádìí kan tó so Nàìjíríà, Kòlóńbíà, Íńdíà, Philippines àti Ìlú Ọba pọ̀, láti máa fi jínómù ṣọ́ àwọn kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́. Wọ́n ń gba kòkòrò lọ́wọ́ àwọn ilé ìwòsàn ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, wọ́n ń kà á nílé. Lọ́dún 2021, Ayorinde Afolayan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí Klebsiella, kòkòrò tó fẹ́ràn ilé ìwòsàn bí eṣinṣin ṣe fẹ́ràn egbò, tó sì máa ń mú àwọn ìkókó. Wọ́n rí àwọn ìran tó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká káàkiri ayé. Wọ́n tún rí àwọn tó sún mọ́ra wọn gbágbágbá, débi pé aláìsàn kan sí èkejì ló jọ pé wọ́n ti ràn. Ẹ ronú sí ìyẹn. Aláìsàn wọlé nítorí nǹkan kan, ilé ìwòsàn fi nǹkan míì kún un, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán rí i. Lẹ́tà ló tú u fó.

Iṣẹ́ Klebsiella yìí kò rọrùn ún kà. Tábìlì àti àwòrán igi ló kún inú ẹ̀, gbólóhùn ibẹ̀ gan bí igi. Síbẹ̀, ó dùn mọ́ wa ju ìwé 2011 lọ. Ìwé 2011 ń bẹ ìjọba. Èyí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ka ohun tó wà nílé fún wa.

Ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́rà ló jẹ́ ká rí bí àìní àkójọ tiwa ṣe ń pa wá lára tó. Àwa tí à ń gbé ilẹ̀ Àwórì mọ ìtàn àwo tí Olófin gbé lé orí omi, tó ń tẹ̀ lé e lọ títí àwo fi rì. Ohun tí àwọn onímọ̀ Institut Pasteur ní Paris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe lọ́dún 2017 dà bí kí èèyàn máa tẹ̀ lé àwo yẹn padà sí òkè odò. Wọ́n kó jínómù 1,070 kọ́lẹ́rà jọ, láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 45, ti ọdún 49. Kọ́lẹ́rà dé Èkó ní òpin ọdún 1970, ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà pé láti ìgbà náà ló ti fi omi ìdọ̀tí wa ṣelé, tó ń jí bó bá ṣe wù ú. Lẹ́tà sọ nǹkan míì. Ìran kan ṣoṣo ni, ó kéré tán ó ti wọ Áfíríkà nígbà 11 láti 1970, àwọn márùn-ún tó wọlé kẹ́yìn sì ti Éṣíà wá pẹ̀lú ọgbọ́n àti bọ́ lọ́wọ́ oògùn oríṣiríṣi. Èyí kò ní kí a má tún gọ́tà ṣe o. Àmọ́ ó yí ìbéèrè padà: ta ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, kọ́lẹ́rà tún jà ní Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé O1 ni irú ẹ̀, ìròyìn tí a kà sì dúró síbẹ̀. O1! Gbogbo 1,070 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, O1 ni wọ́n. Bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá jáde sí gbangba pé àwọn ti mọ olè náà, ó ń jẹ́ Adé.

Ẹ̀sùn kan tún kù tí a ní, kì í sì í ṣe Okeke la fẹ́ fi kàn. Èdè ni. Gbogbo ohun tí a kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òyìnbó ni. Ẹ sì wo ìyà tí "kòkòrò" ń jẹ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ẹ̀fọn, kòkòrò. Èyí tó ń jẹ ẹ̀wà, kòkòrò. Táífọ́ọ̀dù, kòkòrò. Nígbà tí a sọ fún ìyá ọ̀rẹ́ wa lórí fóònù pé kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ la fẹ́ kí wọ́n wò, wọ́n ní ṣebí àwọn ti ra nẹ́ẹ̀tì fún un. Àwa tí à ń kọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ nípa Ifá àti kọ̀ǹpútà títí, a ò tíì fún màmá yẹn ní ọ̀rọ̀ kan tó lè fi yà ẹ̀fọn sọ́tọ̀ kúrò lára Salmonella.

Ní ti ọ̀rẹ́ wa, nígbà karùn-ún tí ara ẹ̀ tún gbóná, a ò jẹ́ kó lọ sí láàbù ìta mọ́. A wọ dánfó, a mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan, a ní kí wọ́n bá wa gbin ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Owó ẹ̀ ju ti Widal lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po; a dá a. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò méjì, wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tó pé, wọ́n fún wa ní ìwé pélébé tuntun. Nǹkan kan ò hù.

Obìnrin tó fún wa ní ìwé náà wo ojú wa, ó ní, "Ẹ má bínú, ṣé ó ti lo oògùn kankan kó tó wá síbí?"

A kọjú sí ọ̀rẹ́ wa. Síprò mẹ́fà ló ti gbé mì láti ọjọ́ Ẹtì. Kẹ́míìsì ìsàlẹ̀ ilé ló ti rà á.